Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò gbé e mọ́, ó sì ń dákú, àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan kan

ÌyáMoyọ̀_Adó · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í kọ. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kọjá àkàdákẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 13, JSS3. Ibà ló kọ́kọ́ dá a gúnlẹ̀, ibà lásán, ó lo oògùn, ara rẹ̀ balẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó ní kí òun dìde lọ wẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ò gbé e. Títí di òní ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àpò gàrí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni dídákú bẹ̀rẹ̀. Yóò ṣubú, yóò dijú pinpin, ara á máa gbọ̀n, orí á máa lọ sọ́tùn-ún, á máa lọ sósì, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ìṣẹ́jú 20 rí. Tó bá jí, ẹkún ni.

Dókítà àkọ́kọ́ ní wárápá ni, ó kọ oògùn, kò dín kù. A ya fọ́tò orí, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí fún EEG tó ń ka iná ọpọlọ, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Owó tí a tọ́jú fún páànù ilé ló bá a lọ. Dókítà kejì wo gbogbo ìwé, ó ní "kò sí nǹkan kan". Ẹni tí kò lè rìn, kò sí nǹkan kan! Ẹ̀kẹta, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ló pè é ní FND (Functional Neurological Disorder). Ó ní ọpọlọ rẹ̀ ò ní egbò kankan, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló dàrú, ó sì ṣeé wò. Ó ní ká máa ṣe físíò, ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, n ò ráyè bi í ní ìdajì ohun tó wà lọ́kàn mi.

Bàbá rẹ̀ ní ó ń díbọ́n torí ìdánwò. Ìyá mi tó wá láti Ọ̀tùn ní ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń pè é, ká gbé e lọ sílé wòlíì. Ta ló mọ àìsàn yìí? Kí ni kí n ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la?

ỌmọÌjerò · 8:31 alẹ́

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbọ́ ti màmá. Ọmọ àbúrò bàbá mi ṣe irú rẹ̀, ọjọ́ 21 ló lò lórí òkè, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Nǹkan tí ẹ̀rọ ò rí, Ọlọ́run rí i.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · 9:02 alẹ́

ỌmọÌjerò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, èmi náà kì í fi tèmi ṣeré. Ẹni yẹn rìn wálé, ọpẹ́ ni. Àìsàn yìí máa ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà míì, torí ohun tó dàrú, tí kò já, lè padà tò. Ohun tí mo ti fi ojú mi rí ló ń bà mí lẹ́rù: ọmọ tí wọ́n so lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n fi ààwẹ̀ dá lóró, èyí tí wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè ta jí. Àgbo ìtọ̀ màálù ńkọ́? Ewé tábà, efinrin, àyù, ìtọ̀ màálù, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, á mú èémí rẹ̀ falẹ̀, gìrì gidi á wá dé. Bí màmá bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbà á ní pálọ̀ yín, kí ọmọ ti jẹun, kí ẹnikẹ́ni má dè é.

Ìyá Moyọ̀, tó bá ṣubú lọ́la: ẹ kó àga àti ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èrò tú ká. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da omi sí i, ẹ má dì í mú. Kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó tì í, kó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé "mo wà níbí, ó máa kọjá". Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó máa ń pẹ́, tí dókítà ti mọ̀ pé ti FND ni, kì í ba ọpọlọ jẹ́. Àmọ́ tó bá ṣèṣe, tí èémí rẹ̀ ò já gaara, tí ètè rẹ̀ ń di aró, tàbí tí irú èyí tó ṣe yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ọsibítù kíákíá.

Kí ẹnì kan fi fóònù ká a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, fún dókítà, kì í ṣe fún Státọ́ọ̀sì. Fídíò yẹn wúlò gan-an ni.

BàbáÌbejì_Ìkéré · 9:20 alẹ́

Ṣé ó máa ń tọ̀ sára? Tó bá ń tọ̀, wárápá gidi ni. Tí kò bá tọ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe wárápá, ẹ da oògùn yẹn sí ṣáláńgá lálẹ́ yìí. Oorun lásán ló ń kùn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má dá a lóhùn rárá tó bá ṣubú. Kó rí i pé kò sẹ́ni tó wo òun. Á ṣíwọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · 9:26 alẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ṣì í.

Ìtọ̀ ò sọ nǹkan kan, ó lè jáde nínú méjèèjì. Ojú tó dì pinpin, orí tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó máa rọlẹ̀ kó tún máa le, kó pẹ́: ìwọ̀nyí ló máa ń tọ́ka sí FND. Ti wárápá, ojú sábà máa ń là sílẹ̀, á sì parí láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Síbẹ̀ kò sí àmì kan ṣoṣo tó ń dá ẹjọ́. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n máa ka iná ọpọlọ kí wọ́n sì máa ká fídíò lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́. EEG tí wọ́n ṣe nígbà tí kò ṣe é, tó bá mọ́, kò tíì sọ pé kò sí wárápá.

Oògùn: òótọ́ ni pé oògùn wárápá kì í ṣe iṣẹ́ kankan fún ti FND. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó, tó wá já a lójijì, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gìrì gidi. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in, dókítà ló sì ń dín in. Àwọn kan wà tí wọ́n ní méjèèjì pa pọ̀.

Pé kí wọ́n má dá a lóhùn, ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n lára ni kó dá yín lóhùn.

Bísọ́lá_Ọmọ_Ọ̀yẹ́ · 10:11 alẹ́

Èmi rè é. Mo ti pé 23 báyìí, ọdún 15 ni mo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kí yín ma, mo kí yín sà.

Bàbá Ìbejì, mo máa ń gbọ́ gbogbo yín. Kì í ṣe gbogbo wa ló máa ń gbọ́, èmi máa ń gbọ́. Mo wà nílẹ̀ símẹ́ǹtì, mo ń gbọ́ tí àǹtí mi ń sọ pé "ẹ fi í sílẹ̀, eré ló ń ṣe", mo fẹ́ dìde kí n sọ pé kì í ṣe eré, ara ò dá mi lóhùn. Bí ìgbà tí nǹkan fún ẹ lọ́rùn lójú oorun, tí o fẹ́ ké, tí ohùn ò jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò bá sì sáré wọlé, tí wọ́n ń pe Jésù lé mi lórí, ó tún máa ń pẹ́. Ìyá mi ló wá rí àárín rẹ̀. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà nìṣó. Ẹ gbọ́ mi yé o, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, ohùn rẹ̀ nínú àwo sì ni mo máa ń tẹ̀ lé padà.

Ohun míì tó ràn mí lọ́wọ́: ó ní àmì tó máa ń ṣíwájú. Tèmi, ọrùn mi á gbóná, ohùn èèyàn á máa jìnnà. Ẹ bi Moyọ̀ bóyá tiẹ̀ náà ní. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára, mà á jókòó, mà á di omi inú ọ̀rá tó tutù mú sọ́wọ́, mà á máa dárúkọ ohun márùn-ún tí mò ń rí: fáànù, kàlẹ́ńdà, bàtà Bọ̀dá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó tó oṣù méjì kó tó máa dá a dúró. Báyìí ó lè tó oṣù mẹ́rin kí n má rí i.

MamaTọ́pẹ́_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Mo sunkún ka ti Bísọ́lá. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, ọmọ mi.

Ti ẹsẹ̀ ni tiwa, kò dákú rí. Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí bàbá Tọ́pẹ́ gbà gbọ́, torí òun náà ló ní ọmọ ń díbọ́n. Dókítà dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó ń ṣàárẹ̀. Ó ní, "Tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀." Ọmọ tiraka, òógùn bò ó, ọwọ́ dókítà ò mọ nǹkan kan. Ó wá ní, "Gbàgbé ìyẹn. Gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, má jẹ́ kí n tì í wálẹ̀." Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó yá sókè báyìí, gìgísẹ̀ tó ń ṣàárẹ̀ tẹ ọwọ́ dókítà wọ inú fóòmù lọ. Ó ní kí bàbá rẹ̀ wá ti ọwọ́ tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tún ṣe é. Bàbá Tọ́pẹ́ yọwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí nǹkan jó lọ́wọ́. Dókítà ní agbára wà nínú ẹsẹ̀, ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà rán an níṣẹ́ ló dí, tí ọmọ bá sì ti gbé ọkàn kúrò lórí ẹsẹ̀ náà, iṣẹ́ a gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé dé ibẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fi hàn wá náà ni Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí dókítà yín fi ti Moyọ̀ hàn yín.

BàbáÌbejì_Ìkéré · 7:05 àárọ̀

Ẹ gbà mí láyè. Ẹsẹ̀ tó lè tẹ ọwọ́ dókítà wọ fóòmù, tó ní òun ò lè rìn. Kí ni wọ́n ń pè ní díbọ́n ní Ìkọ̀lé?

Fisíò_Basírì · 7:48 àárọ̀

Sà, ẹ̀yin náà mọ akólòlò kan, àbí? Tó bá fẹ́ sọ "bàbá", á pẹ́. Gbé e dé inú kọ́áyà, á kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó ń díbọ́n ìkólòlò ni? Ẹnu kan náà, ọ̀nà méjì.

Àmì tí MamaTọ́pẹ́ sọ yẹn ti pẹ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Charles Hoover, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1908, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Wọ́n tún ti fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn yìí àti ti àwọn tí wọ́n dìídì ní kí wọ́n díbọ́n, iṣẹ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣe kò jọra.

Iṣẹ́ ni mò ń ṣe lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í sọ pé "gbé ẹsẹ̀ òsì, gbé ẹsẹ̀ òsì". Bó bá ṣe ń ro ẹsẹ̀ yẹn tó ni yóò máa le tó. Ọmọ kan wà tí mo fi ìgbà mẹ́ta gbìyànjú, kò rìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Nígbà kẹrin àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn wá, kékeré báyìí, ó ní òun fẹ́ ta ten-ten. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ẹ dúró, ẹ ta á, ẹni tó bá jáwé olúborí mà á ra súìtì fún un. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ fò síwájú pẹ̀lú ti àbúrò rẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, òun ló tún jẹ. N ò pariwo. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ pariwo, mo fojú sọ fún un. Tí ẹ bá ké "ye, ó ti rìn!", ọkàn á padà sórí ẹsẹ̀, á tún rọ. Láti ten-ten a bọ́ sí rírìn sẹ́yìn, a bọ́ sí gbígbé abọ́ omi rù, torí ẹni tó ń ṣọ́ omi kó má dànù kò ráyè ṣọ́ ẹsẹ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n ń há sábíyá ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Ẹ má sáré rà á. Ara máa ń kọ́ ìrìn ọ̀pá, ó sì ṣòro láti gbàgbé.

MamaTọ́pẹ́_Ìkọ̀lé · 8:15 àárọ̀

Fisíò, mo gbà gbogbo rẹ̀ àyàfi ti ọ̀pá. Láìsí ọ̀pá, Tọ́pẹ́ ò bá má dé iléèwé fún odindi táàmù kan. Gegele ni ọ̀nà ilé wa, ta ló fẹ́ pọ̀n ọ́n?

Fisíò_Basírì · 8:22 àárọ̀

Ẹ jàre mi níbẹ̀ ma. Tó bá jẹ́ òun ló máa gbé e dé kíláàsì, kó lò ó, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa gbé e sílẹ̀ tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí. Inú ilé ni kó má ti lò ó.

Akin_Leeds · 11:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Èkìtì Kete. Ọmọ Ìfàkì ni mí, Leeds ni mò ń gbé, ọmọbìnrin mi ní in.

Ẹ wo neurosymptoms.org. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jon Stone ní Edinburgh ló dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà á, àmọ́ mo jókòó ti ìyá mi lórí fóònù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn ni pé rédíò ò bàjẹ́, kò kàn wọ ìkànnì ni. Ẹ tú u, ẹ ò ní rí wáyà tó já. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò orí fi mọ́. Ìyá mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, nítorí náà ẹ má gbá a." Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní rédíò tó ń han, ńṣe ló ń gbá a lẹ́yìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan lé e pé ohun burúkú kan ti ní láti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín. Èyí dùn wá gan-an. Wọ́n bi wá bíi pé a fi nǹkan pamọ́. Òótọ́ ni pé ìbànújẹ́ tàbí ìlòkulò wà lẹ́yìn ti àwọn kan, ẹ sì bi Moyọ̀ jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibà, ìfarapa, iṣẹ́ abẹ lásán lè tan iná rẹ̀. Láti 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dárúkọ àìsàn ọpọlọ ti yọ ọ́ kúrò pé dandan ni kí ìṣòro ọkàn wà kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀.

BàbáÌbejì_Ìkéré · 12:03 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ akólòlò yẹn wọlé. N ò tíì gbà tán, àmọ́ ó wọlé. Ti oògùn, mo yọwọ́.

Tíṣà_Ìlawẹ̀ · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti kíláàsì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́ sí.

Ìyá Moyọ̀, ẹ má dá a dúró sílé títí yóò fi "yá tán". Bó bá ṣe ń pẹ́ sílé ni ẹ̀rù iléèwé yóò máa ga. Ẹ lọ rí ọ̀gá iléèwé pẹ̀lú ìwé dókítà kí ọmọ tó padà. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dédé ìdajì ọjọ́, kó lọ sílé nígbà tó bá yẹ kó lọ, yálà ó dákú tàbí kò dákú. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣubú nìkan ni ẹ ń wá mú un, láìmọ̀, ara á so ìṣubú pọ̀ mọ́ ilé.

Nínú kíláàsì tèmi, ọmọ kan ṣubú, àwọn ọmọ 60 dìde sórí àga, òmíràn yọ fóònù tí kò yẹ kó mú wá. Ó wọ WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà ò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti fídíò ló sì fà á, kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà mo ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa mójú tó o, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan wá pè mí, èmi á sì máa kọ́ àwọn tó kù ní ìṣirò nìṣó. Nǹkan bí ìgbà karùn-ún, wọn ò wo ibẹ̀ mọ́.

Ti ìdánwò tí bàbá rẹ̀ sọ: ẹ bi í bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, ìyẹn ò sọ ọ́ di adíbọ́n. Àyà tó ń já máa ń fa inú rírun gidi.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ gidi.

Ìyá Moyọ̀, ẹ béèrè físíò àti ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní EKSUTH, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbẹ̀ ní Adó, tàbí ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ ní kí wọ́n tún so yín pọ̀ mọ́ onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní "ṣé ó ya wèrè ni?", ẹ má dá a lóhùn. Onímọ̀ yẹn á kọ́ ọmọ bí yóò ṣe mọ àmì tó ń ṣíwájú àti bí yóò ṣe dá a dúró, bíi ti Bísọ́lá. Kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ ìbéèrè yín sórí ìwé. Àkọ́kọ́: "Oògùn wárápá yìí, báwo la ṣe máa dín in?"

ÌyáMoyọ̀_Adó · Ọjọ́ Àìkú, 7:20 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń bọ̀ wá dúpẹ́ láti ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ni kò jẹ́.

Mo ka ti Bísọ́lá fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sọ nǹkan kan. Ní Ọjọ́rú, Moyọ̀ ṣubú ní ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, mo gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bọ̀, ọkàn mi já. Ó jókòó sílẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì bọ́ọ̀lù láti inú fóònù rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Moyọ̀ jí, ó ní, "Dádì, ẹ ṣi ìkejì yẹn kà."

Ó ní àmì. Ó ní ẹnu òun máa ń korò bíi pé òun lá owó idẹ. N ò bi í rí.

Ti wòlíì, ìyá mi gbà kí wọ́n wá sílé. Wọ́n gbàdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ ṣì ń wọ́ o, ẹ má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní ìyá mi bu omi sínú agbada kékeré, wọ́n gbé e rù ú, wọ́n ní kó gbé e lọ fún àwọn adìẹ lẹ́yìnkùlé. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé. Omi dà díẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Ó débẹ̀.

Fisíò_Basírì, lọ́jọ́ wo lẹ máa ń wà níbi iṣẹ́?

Fisíò_Basírì · 7:41 alẹ́

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ma. Mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ mú agbada yẹn dání.